Ìdí Tí Sàlúùn Fi Ní Búùtù, Tí Òrùlé Wágọ̀n Sì Fi Gùn Dé Ìdí

Nígbà láéláé, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sí ọkọ̀ kankan tó ní búùtù, àpótí ẹrù tó máa ń wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu bí ilé tí wọn kò tíì bò.

Ògúndìran alágbẹ̀dẹ ló ń rọ wọ́n. Ọkọ̀ méjì tó rọ gbẹ̀yìn, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Wágọ̀n, àbúrò ń jẹ́ Sàlúùn. Wágọ̀n gùn, ó sì fẹ̀ nídìí. Sàlúùn rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ń dán, ó sì mọ̀ pé òun rẹwà. Ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n jù.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Sàlúùn a máa wí, "ẹ̀yin àti àká àgbàdo, ta ló fẹ̀ jù?"

Wágọ̀n a rẹ́rìn-ín. "Àká kì í sáré, àbúrò. Èmi ń sáré."

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Ní abúlé Ìdómọ̀, amọ̀kòkò kan wà tó ń jẹ́ Awẹ̀ró. Ọba tuntun fẹ́ wọ ààfin, wọ́n sì ní kí Awẹ̀ró mọ ìkòkò tí ọba yóò ti kọ́kọ́ bu omi mu. Wọn kò fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rán Ìdómọ̀ rí! Awẹ̀ró mọ ìkòkò náà, ó dán an, ó sun ún jinná. Orí gbogbo abúlé wú. Ṣùgbọ́n ìkòkò gbọ́dọ̀ dé ààfin kí oòrùn tó kàntàrí. Bí kò bá dé, tàbí bó bá fọ́, ìkòkò abúlé mìíràn ni wọn yóò gbé kalẹ̀ fún ọba.

Ògúndìran mú ọkọ̀ méjèèjì wá. "Ìyá, ẹ mú èyí tó bá wù yín."

Awẹ̀ró wo Wágọ̀n, ó wo Sàlúùn. "Ọjọ́ iyì mi rèé," ó ní. "Èyí tó rẹwà ni n óò gùn wọ ìlú."

Ó gbé ìkòkò sẹ́yìn Sàlúùn, òun fúnra rẹ̀ jókòó síwájú bí olorì. Wágọ̀n kò bínú. Ó rọra ń tẹ̀ lé wọn.

Sàlúùn sáré! Ó ń ki ara rẹ̀ lóríkì, kò wo kòtò, kò wo gegele. Ẹ̀yìn ń dún gbì, gbì, gbì.

"Sàlúùn, ìkòkò mi o!"

"Ìyá, ẹ máa wo iwájú. Èmi kì í wẹ̀yìn."

Gegele kan gbé e sókè. Ìkòkò yí dé etí ọkọ̀, ó fẹ́ já bọ́. Awẹ̀ró ké, "Yéè, mo gbé!" Àfi bí Wágọ̀n ṣe ta gìrì, tó sáré dé, tó sì fi imú ti ìkòkò náà padà.

"Ìyá, ẹ gbé e sẹ́yìn mi," ó ní. "Kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ gbá a mọ́ra bí ọmọ."

"Oòrùn ti ń ga, ọmọ mi. Ṣé a ó bá a?"

"Ìdí mi ló fẹ̀, ìyá, ẹsẹ̀ mi kò wúwo."

Wágọ̀n gbéra. Ó dé kòtò, ó rọra. Ó dé ibi tó tẹ́jú, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó fi Sàlúùn sílẹ̀ nínú eruku. Oòrùn kò tíì kàntàrí tí wọ́n fi wọ ààfin.

Ọba bu omi mu. "Ta ló mọ ìkòkò yìí?"

"Èmi ni, Kábíyèsí. Ọmọ Ìdómọ̀ ni mí!" Ohùn Awẹ̀ró kò gbọ̀n rárá. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, Ìdómọ̀ ni wọ́n ti bí ìyá tèmi náà, n kò sì ní fi bò fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Ògúndìran fa òrùlé Wágọ̀n gùn dé ìdí, ó sì fi gíláàsì yí i ká. "Ìwọ tó ń mójú tó ẹrù," ó ní, "kí ẹrù àti ẹni tó ni ín máa rí ara wọn." Ó gé òrùlé Sàlúùn kúrú, ó fi irin dé ẹ̀yìn rẹ̀ pa. "Ìwọ tí kì í wẹ̀yìn, kí ẹrù má baà já bọ́ lára rẹ mọ́."

Sàlúùn gbé imú sókè. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ kí gbogbo ayé máa wo ẹrù òun?"

Láti ọjọ́ náà ni ẹrù Sàlúùn ti ń rìn nínú òkùnkùn búùtù, tí ẹrù Wágọ̀n sì ń bá ènìyàn gbé inú ilé kan náà. Láti ọjọ́ náà sì ni ará Ìdómọ̀, bó bá fẹ́ yan ọkọ̀, kì í kọ́kọ́ wo iwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń ṣí wò.