Ìwé Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ

Ọ̀jọ̀gbọ́n Fátúrótì kì í sọ ohun tó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìlera tó ń kọ́ wọn ní yunifásítì; ó ní ẹni tó bá gbọ́n yóò wá a rí, ìdajì kíláàsì sì ń fìdí rẹmi lọ́dọọdún. Mọrẹ́nikẹ́, nọ́ọ̀sì ẹni àádọ́ta ọdún tó wà nínú kíláàsì náà, ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ dénú egungun. Ó bẹ mátírọ́ọ̀nù tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nílé ìwòsàn kó bá òun kọ lẹ́tà kan, ó gbé e tọ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀gá mi ní kí ẹ kọ ohun tí mo máa lè ṣe tí ẹ bá kọ́ mi tán, kó lè mọ̀ bóyá nǹkan kan wà nínú ẹ̀kọ́ náà." "Bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀ kẹ̀?" Ọ̀jọ̀gbọ́n fa bírò yọ, ó kọ nǹkan mẹ́fà, ó fọwọ́ sí i, ó sì lu òǹtẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó lẹ ọ̀kan mọ́ ilẹ̀kùn kíláàsì. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n dé, gbogbo wọn ń dà á kọ. "Ta ló lẹ èyí?" "Èmi ni, sà. Ẹ ò sọ pé àṣírí ni. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá mi ló ní òun máa fi wé ìbéèrè ìdánwò wa, bóyá wọ́n bára mu." Ọ̀jọ̀gbọ́n wo òǹtẹ̀ ara rẹ̀ títí, ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn láti orí èkíní nínú nǹkan mẹ́fà náà. Lọ́dún yẹn, ẹni mẹ́ta péré ló fìdí rẹmi. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ kiri pé òun ò tíì kọ́ kíláàsì tó gbọ́n tó yẹn rí. Mọrẹ́nikẹ́ ò bá a jiyàn. Ó gba èsì rẹ̀ pé ó yege, ó lọ sílé lọ sùn.