Orí Ni, Ìdí Ni, Ọmọ Ti Ké

Bí àríyànjiyàn bá ti sú àwọn ará etí ọ̀sà, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn: “Orí ni, ìdí ni, ọmọ ti ké.” Àlejò tó bá gbọ́ ọ yóò máa wo ojú ẹni tó sọ ọ́. Orí ta ni? Ìdí kí ni? Ọmọ wo ló sì ń ké láàárín àwọn àgbàlagbà tó ń jiyàn? Bó bá bèèrè, wọn á kàn ní kó jókòó. Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, ọ̀rọ̀ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò sì ni.

Ní Ọ̀pẹ̀tẹ́dó, abúlé kan tí wọ́n kọ́ ilé rẹ̀ sórí òpó létí ọ̀sà, ọmọ ìyá méjì wà níbẹ̀. Akíngbóyè lẹ̀gbọ́n, Ayédùn làbúrò. Ọkọ̀ ìrókò kan ṣoṣo ni bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n ń fi í pẹja, àbúrò ń fi í kó ẹní àti gààrí lọ sọ́jà, wọn kò sì jà lórí ẹni tó ni ín. Bí yóò ṣe máa gúnlẹ̀ ni wọ́n ń jà sí.

Akíngbóyè ní ìdí ló yẹ kí ọkọ̀ fi wọ èbúté, kí orí rẹ̀ kọjú sí omi. Bí ìjì bá dé, orí ni yóò gba ìgbì. Bí èèyàn bá sì fẹ́ jáde lójijì, kò ní sí pé à ń yí ọkọ̀ po. Ayédùn ní rárá, orí ni. Orí ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń gba àárín òpó kọjá wẹ́rẹ́, ó sì ń gun ilẹ̀ gbígbẹ, tí èèyàn fi lè sọ ẹrù kalẹ̀ láìtẹ ẹrẹ̀. Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n ń sọ. Òótọ́ ni àbúrò ń sọ. Ohun tó sì ń bí èèyàn nínú gan-an nìyẹn.

Bí Ayédùn bá fi orí so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, Akíngbóyè á sọ̀kalẹ̀ lọ yí i padà kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Bí Akíngbóyè bá fi ìdí so ó, Ayédùn á dúró lókè èbúté, á máa bá àpò gààrí rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ̀gbọ́n lè gbọ́. Àwọn ará abúlé dá sí i títí, ó sú wọn. Baálẹ̀ pàápàá ní kí wọ́n má gbé ẹjọ́ ọkọ̀ wá síwájú òun mọ́ láyé.

Mojírádé, ìyàwó Ayédùn, ló ń jẹ ìyà rẹ̀ jù, nítorí inú ilé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Kì í ṣe obìnrin tó pọ̀ lọ́rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bímọ tí ọmọ kò ké, tí wọ́n sì gbé e kúrò níwájú rẹ̀ láìjẹ́ kó wò ó tán. Nígbà tí oyún kẹta wá wọ oṣù ìbí, Ìyá Wuràọlá, agbẹ̀bí tó ń gbé ní Agbàlà lódìkejì ọ̀sà, kìlọ̀ fún un pé bí ìrọbí bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú un, kí wọ́n gbé e wá kíá, nítorí ọwọ́ tí òun fi kan ikùn náà kò fi òun lọ́kàn balẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ni ìrọbí mú un. Àwọn ọmọ ìyá méjèèjì tẹ́ ẹní sáàárín ọkọ̀, wọ́n gbé e lé e. Akíngbóyè jókòó ní ìdí pẹ̀lú àjẹ̀, Ayédùn dúró ní orí pẹ̀lú ọ̀pá. Ká sọ òdodo, wọ́n tukọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọn kò sinmi, wọn kò sì bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ kankan. Kò pẹ́ tí èbúté Agbàlà fi hàn, Ìyá Wuràọlá sì ti rí wọn lókèèrè, ó ti so ìró mọ́ àyà, ó dúró létí omi.

Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ni Akíngbóyè bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọkọ̀ padà.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?” ni Ayédùn bèèrè.

“Mò ń fi ìdí wọlé.”

“Aboyún la gbé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi orí wọlé kó lè sọ̀ sílẹ̀ gbígbẹ.”

“Ṣé o rí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tì wá láti ẹ̀yìn? Bí a bá fi orí wọlé, ìgbì á gba ìdí ya wọ inú ọkọ̀, ara ìyàwó rẹ ló sì máa dà sí.”

“Ìdí ọkọ̀ yìí wúwo, inú ẹrẹ̀ ló máa dúró sí. Níbo lẹ fẹ́ kó gbé ẹsẹ̀ lé?”

“Èmi á gbé e.”

“Ìyàwó mi lẹ fẹ́ gbé?”

Ẹ̀gbọ́n wa àjẹ̀ síbí, àbúrò gún ọ̀pá sọ́hùn-ún. Ọkọ̀ kọ ìdí sí èbúté, ó kọ orí sí i, ó tún kọ ìdí sí i. Ibi tí wọ́n wà sí ilẹ̀ kò ju ibi tí ọmọdé lè ju òkò dé.

“Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ gúnlẹ̀,” ni Mojírádé wí láti orí ẹní.

Wọ́n tún yí ọkọ̀.

“Ẹ̀gbẹ́ ni mo wí. Ṣebí ọkọ̀ náà ní ẹ̀gbẹ́.”

“Ìyàwó wa, má bínú,” ni Akíngbóyè wí. “Ọ̀rọ̀ omi ni. Fi sílẹ̀ fún wa.”

Ìyá Wuràọlá pariwo láti èbúté pé kí ni wọ́n ń wá kiri lójú kan náà. Akíngbóyè dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ bá wa dá a. Ní èbúté yín níbí, ṣé orí ni wọ́n fi ń wọlé ni àbí ìdí?”

“Èyí tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fi wọlé. Ẹ ṣáà wọlé.”

“Wọn kò dá a,” ni Akíngbóyè wí fún àbúrò rẹ̀, ó sì tún ki àjẹ̀ bọ omi.

Mojírádé di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. “Orí ti ń yọ,” ló wí.

“Ẹ ò gbọ́ bí, ẹ̀gbọ́n?” ni Ayédùn wí. “Òun alára ní orí ni.”

Láti ọjọ́ tí Mojírádé ti wọlé ọkọ, kò pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ rí. Ọjọ́ náà ló pè é. Ó ní, “Ayédùn, orí ọmọ ni mo wí.”

Ìyá Wuràọlá gbọ́ èyí, kò sì dúró mọ́. Ó bọ́ sómi tìró-tìró, ẹrẹ̀ mú un dé orúnkún, omi mú un dé àyà, títí ó fi di ọkọ̀ mú. “Ẹni tó bá tún yí ọkọ̀ yìí,” ló wí, “èmi ló máa tì í sómi.” Ó na ọwọ́ méjèèjì kọjá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ibẹ̀ ló sì ti gbẹ̀bí.

Ọmọ náà jáde, okùn ìwọ́ sì ti yí i lọ́rùn. Ara rẹ̀ dúdú bí aró. Kò mira, kò ké.

Ìgbì ń gbá ara ọkọ̀. Ìyá Wuràọlá ki ìka bọ abẹ́ ìwọ́ náà, ó tú u, ó fi ẹnu fa omi kúrò ní imú ọmọ, ó tu ú dànù, ó tún fà á. Mojírádé kò gbé orí sókè wò. Ó mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó ti gbọ́ ọ rí.

“Ìyá,” ló wí, “ẹ má gbé e lọ kí n tó rí ojú rẹ̀.”

Obìnrin náà gbé ọmọ sókè. Ó dá ọmọ dojú bolẹ̀ sórí apá rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra á lẹ́yìn, ó ń ra á, ó ń ra á. Ọmọ sín. Lẹ́yìn náà ló la ẹnu, tó fi igbe ta.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wò yíká. Afẹ́fẹ́ ti tì wọ́n díẹ̀díẹ̀, àti Ìyá Wuràọlá àti ọkọ̀, títí ọkọ̀ fi fi ẹ̀gbẹ́ ti òpó èbúté jẹ́ẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó gúnlẹ̀.

Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn àlejò bèèrè bó ṣe jẹ́ tó fi jẹ́ inú ọkọ̀ ni wọ́n bímọ sí. Akíngbóyè ní, “Ká ní wọ́n jẹ́ kí n fi ìdí wọlé ni, inú ilé ni à bá bí i sí.” Ayédùn gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ká ní orí la fi wọlé ni.”

Mojírádé jáde láti inú yàrá, ọmọ ń mu ọyàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n, ó wo àbúrò, bí ẹni tó ti ru ẹrù dé ibi tí kò lè rù ú kọjá mọ́.

“Orí ni, ìdí ni,” ló wí, “ọmọ ti ké.”

Ó yíjú padà, ó wọlé lọ. Ìyá Wuràọlá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí gbogbo ilé tó bá a rín in.

Èmi kò ní purọ́ fún yín pé àwọn ọmọ ìyá náà jáwọ́. Wọ́n kàn kọ́ láti máa lọ jà á lókèèrè, níbi tí Mojírádé kò ti ní gbọ́. Àwọn ará ilé ló gbé ọ̀rọ̀ obìnrin náà jáde, tó fi di ohun tí a ń sọ fún àwọn tó ń jiyàn lórí bí nǹkan yóò ṣe rí títí nǹkan náà fi ṣẹlẹ̀ láìsí wọn níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ló jàre, ó lè jẹ́ àbúrò. Ọmọ kì í dúró gbọ́ ìdájọ́. Orí ni, ìdí ni, ọmọ ti ké.