Okùn Tí Àjàdí So Mọ́ Adìẹ Lọ́rùn

Ohun tó yẹni ló yẹni. Okùn ọrùn ò yẹ adìẹ. Gbogbo ayé ló ń pa òwe yìí bí ẹni ń run orín, kò sì sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé: ta ni orí rẹ̀ dàrú tó bẹ́ẹ̀, tó fi okùn sí adìẹ lọ́rùn? Ẹsẹ̀ la ti ń so adìẹ. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rán níṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé wèrè ni. Ẹni tó so ó gbọ́n, ara rẹ̀ yá, ó sì fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ dé góńgó. Ìfẹ́ náà ló kó bá adìẹ.

Àjàdí lorúkọ rẹ̀, ewúrẹ́ ló ń tà. Á lọ rà wọ́n ní ọ̀nà jíjìn, á dà wọ́n wálé, á tún lọ. Bó bá wo ojú ewúrẹ́ lásán, á sọ ohun tó jẹ lánàá fún ọ. Ó mọ̀ ọ́n ké bí òbúkọ débi pé ọmọ ewúrẹ́ á fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ tọ̀ ọ́ wá. Ṣùgbọ́n ti ọmọ ènìyàn, òpè pátápátá ni. Àkọ́bí tí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ bí fún un kò pẹ́ láyé; ojú baba kò tíì mọ ojú ọmọ tó fi lọ. Nígbà tí wọ́n bí èkejì, wọ́n sọ ọ́ ní Ìbíyẹmí, Àjàdí sì pinnu pé ohunkóhun tó bá gbà lòun yóò fi dá ọmọ yìí dúró.

Ohun ìṣeré ló fi bẹ̀rẹ̀. Omi ìkómọ kò tíì gbẹ tán tó ti ra òkòtó wálé, ó ta á sílẹ̀, ó ń yí bìrí bìrí. Ìbíyẹmí ń sùn. Ó re àjò, ó gbé ẹṣin onígi bọ̀. Ìbíyẹmí yán, ó ń wo àjà. Ó tún re àjò, ó gbé ọpọ́n ayò dé. Ọpọ́n ayò o! Fún ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le! Ó tẹ́ ẹ síwájú ọmọ, ó fà sẹ́yìn, ó dúró bí ẹni tó ń retí kí oníbàárà ná ọjà. Ọmọ ò tilẹ̀ wò ó.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan tí ìyá Àjàdí sọ bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lọ́kàn. Ìyá rẹ̀ ní ọmọ tí kò bá gba nǹkan lọ́wọ́ baba, àlejò ni, kò ní í pẹ́ kó padà síbi tó ti wá. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ti ẹnu àgbà jáde ló jẹ́ ọgbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú. Ṣùgbọ́n Àjàdí gbà á gbọ́. Kò sọ fún Àwẹ̀ró. Á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo bí ọmọ ṣe ń mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ó tẹ́ ọmọ sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí baba rẹ̀ máa wò ó. Adìẹ pupa kan tí Àwẹ̀ró ń sìn rìn kọjá lẹ́bàá ẹní. Ojú Ìbíyẹmí tẹ̀ lé e. Adìẹ yà sọ́tùn-ún, ojú ọmọ yà sọ́tùn-ún. Adìẹ ṣa ọkà, ọmọ na ọwọ́ sí i, ó ní, "Ẹ̀ẹ́n."

Ọkàn Àjàdí fò sókè. Ọmọ fẹ́ nǹkan láyé! Ṣùgbọ́n adìẹ ti ń lọ sídìí ààtàn, ètè ọmọ sì ti ń gbọ̀n, ẹkún ń bọ̀. Kí ni ọwọ́ olówò ewúrẹ́ mọ̀? Ó mú adìẹ, ó fa okùn yọ, ó ta kókó tí ọwọ́ rẹ̀ ń ta lójoojúmọ́, ọrùn ló sì ta á sí. Ó kan èèkàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó so okùn mọ́ ọn.

"Gbà, ọmọ mi," ó ní. "Kò ní í lọ mọ́. Ìwọ náà má lọ."

Ewúrẹ́ tí a so lọ́rùn á fa okùn wò, á sì gbà fún un. Adìẹ kò mọ èyí. Ó fò sókè, okùn fà á lulẹ̀. Ó tún fò. Ìyẹ́ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn adìẹ há, Ìbíyẹmí figbe ta bí ẹni tí àkekèé ta.

Àwẹ̀ró sáré dé tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́. Ó tú kókó náà, ó gbé ọmọ mọ́ra.

"Baba Ìbí! Ta ló so adìẹ bí òbúkọ?"

"Èmi ni."

"Ẹ fẹ́ dà á lọ sọ́jà ni?"

Àjàdí kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ wo adìẹ náà, Àwẹ̀ró. Òun nìkan ló wò látìgbà tí mo ti ń ra nǹkan fún un. Kò gba òkòtó, kò gba ẹṣin. Ìyá mi sì ní ọmọ tí kò bá gba nǹkan lọ́wọ́ baba..."

Ẹ̀rín kú mọ́ Àwẹ̀ró lẹ́nu. Ó jókòó tì í.

"Ohun tó ń jẹ yín nínú látọjọ́ yìí rèé? Ẹ gbọ́, baba ọmọ. Òkòtó, ọmọ tó ti ń sáré ló ni ín. Ẹṣin, ẹni tó bá ti lè dá jókòó. Ti ọpọ́n ayò, ọmọ yín á gbé ọmọ ayò mì ni! Gbogbo rẹ̀ ló ń bọ̀ wá fẹ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti lè di nǹkan mú pẹ́, ẹ wá kèrègbè kékeré tí wóró wà nínú rẹ̀, kí ẹ dí i lẹ́nu pinpin, kó máa mì ín. Bó bá ń rá, ẹ yí ọsàn síwájú rẹ̀, kó máa lé e."

"Nísinsìnyí ńkọ́? Kí ló yẹ ẹ́ nísinsìnyí?"

"Ojú yín."

"Ojú tèmi?"

"Ẹ máa ń gbé nǹkan sílẹ̀, ẹ ó sì sá sẹ́yìn. Ẹ sún mọ́ ọn bí adìẹ ṣe sún mọ́ ọn."

Ó gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Àjàdí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ọmọ ọwọ́, ó bá sọ èyí tó mọ̀. Ó tẹ orí ba, ó ké bí òbúkọ: "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Ìbíyẹmí dákẹ́. Ó wo ẹnu náà. Ó wo ojú. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín aláìléyín, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú ilé náà. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gbá irùngbọ̀n baba rẹ̀ mú, ó sì ń fà á bí ẹni ń fa ewúrẹ́ relé.

Omi ń bọ́ lójú Àjàdí. Bóyá ti ayọ̀ ni, bóyá ti irùngbọ̀n.

"Ẹ jẹ́ n gbà yín sílẹ̀," Àwẹ̀ró wí.

"Má fọwọ́ kàn án," ọkọ rẹ̀ fèsì láti ibi tí wọ́n fà á tẹ̀ dé. "Ohun tó yẹni ló yẹni."

Àwẹ̀ró wo adìẹ tó fara ti ògiri, tó ń na ọrùn rẹ̀ wò bóyá ó ṣì pé.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Okùn ọrùn ò yẹ adìẹ."