Fọ́tò Kan Tó Kù Nínú Kámẹ́rà Ìbíyẹmí

Láyé ìgbà tí kámẹ́rà ṣì ń lo fíìmù, tí fíìmù kan kì í sì í yà ju fọ́tò méjìlá lọ, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìbíyẹmí. Ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Abẹ́òkúta ló ti ń ya fọ́tò. Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni. Kò sí òwúrọ̀ tí kì í gbé kámẹ́rà rẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́, kó ní, "Olúwa, là mí lójú lónìí."

Àdúrà náà dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń rán an kò jọ iṣẹ́ tí ènìyàn ń la ojú sí. Lónìí, wọ́n ń ṣí ilé ìwé. Lọ́la, kọmíṣọ́nnà ń pín ọkọ́ fún àgbẹ̀. Lọ́tùnla, alága kan ń bọ alága mìíràn lọ́wọ́. Bí Ìbíyẹmí bá ti débẹ̀, á to àwọn ọlọ́lá jọ bí ẹní to àwo sórí pẹpẹ: "Ẹ sún mọ́ra, sà. Ẹ di ọwọ́ ara yín mú. Ẹ wo ibí." Pàà! Ó parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé kan, olóòtú wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, pè é wọlé. Ìwé ìròyìn oṣù kan gbáko ni bàbá náà tẹ́ sórí tábìlì.

"Ìbíyẹmí, kí lo rí níbí?"

"Fọ́tò ni, sà."

"Ọwọ́ ni! Ọwọ́, ọwọ́, ọwọ́. Àlejò tó bá ka ìwé wa á rò pé kò síṣẹ́ mìíràn nílẹ̀ Ẹ̀gbá ju ká máa bọ ara wa lọ́wọ́ lọ."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ìbíyẹmí, ṣùgbọ́n ó rí i pé ojú bàbá náà le koko.

"Lọ́la, wọ́n ń ṣí ẹ̀rọ omi ní Òkè-Ìdàgbà. Bí o bá tún gbé ọwọ́ wá fún mi, gbé kámẹ́rà yẹn sórí tábìlì yìí, kí o lọ máa to ìwé àtijọ́ nínú yàrá ẹ̀yìn. Mo ti parí ọ̀rọ̀ mi."

Kámẹ́rà yẹn! Ìbíyẹmí kò lóhùn orin, kò sì mọ ìwàásù ṣe. Ojú rẹ̀ àti kámẹ́rà náà nìkan ló rò pé Ọlọ́run fi sí òun lọ́wọ́ láti fi sin Òun.

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ kejì. Eruku funfun bo gbogbo ayé, igi dàbí òjìji igi, oòrùn sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí iná àtùpà lẹ́yìn aṣọ. Mọ́tò wọn ń rìn bí ẹni ń rìn lójú àlá. Lámídì, awakọ̀ wọn, wo ojú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ fajú ro bí ẹni ń lọ sin òkú. Bí ẹ ò bá rí nǹkan gidi yà níbẹ̀, ẹ ya èmi. Mo wẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Nígbà tí wọ́n dé Òkè-Ìdàgbà, àwọn èèyàn ti pé yí ẹ̀rọ omi náà ká. Alága ìjọba ìbílẹ̀ wà níwájú, agbádá rẹ̀ tẹ́rẹrẹ. Ẹ̀rù kì í kọ́ ènìyàn ní nǹkan tuntun. Ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ ló ń sá tọ̀. Kí Ìbíyẹmí tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ní, "Ẹ sún mọ́ra, sà." Alága bọ baálẹ̀ lọ́wọ́, pàà! Ó bọ káńsílọ̀ lọ́wọ́, pàà! Nígbà tó wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, mọ́kànlá ti lọ. Ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó ku ẹyọ kan.

Alága wá ṣí ẹ̀rọ. Omi dà, ṣàà. Ó bu ife àkọ́kọ́, ó gbé e súnmọ́ ẹnu, ó dúró de kámẹ́rà.

Ìgbà náà ni Ìbíyẹmí gbọ́ ìró kan lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe ariwo. Ó dàbí èémí tí ìjọ máa ń mí lẹ́yìn àdúrà gígùn, kí wọ́n tó ṣe àmín. Ó yí padà.

Àwọn obìnrin ìlú ni. Wọ́n ti sọ ìkòkò àti garawa kalẹ̀, ṣùgbọ́n òṣùká ṣì wà lórí gbogbo wọn, nítorí láti kékeré ni wọ́n ti ń fi orí pọn omi láti odò ìsàlẹ̀ àfonífojì. Kò sẹ́ni tó ń wo Ìbíyẹmí. Omi ni wọ́n ń wò, ìmọ́lẹ̀ ọyẹ́ sì bà lé wọn lójú. Láàárín wọn, Ìyá Àbẹ̀bí, tó dàgbà jù, gbọ́wọ́ sókè, ó sọ òṣùká orí rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń sọ ọmọ tó ti sùn lẹ́yìn, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó.

"Onífọ́tò!" Akọ̀wé alága ló pariwo. "O kẹ̀yìn sí alága? Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni? Bàbá fẹ́ mumi!"

Ọwọ́ alága ṣì wà lókè. Ìbíyẹmí rántí ìwàásù kan nípa ìyá tó ń sunkún nínú aginjù nítorí òùngbẹ ọmọ rẹ̀. Ọlọ́run kò gbẹ́ kànga tuntun fún un. Ojú rẹ̀ ló là, ó sì rí èyí tó wà nítòsí.

Ó tẹ kámẹ́rà. Pàà! Fíìmù tán. Alága mumi rẹ̀ láìsí fọ́tò.

Ní ìrọ̀lẹ́, nínú yàrá tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, ojú àwọn obìnrin náà yọ díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ omi, bí ẹni ń jí lójú oorun. Ìbíyẹmí gbé fọ́tò náà lọ bá olóòtú, ó sì gbé kámẹ́rà tì í lórí tábìlì láì dúró kí wọ́n béèrè rẹ̀.

"Alága dà?"

"Ẹ̀yìn mi ló wà, sà."

"Ẹ̀rọ omi ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn mi náà ni, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò.

"Mo rí omi náà," ó ní. "Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo rí."

Ó ti kámẹ́rà padà sọ́dọ̀ Ìbíyẹmí. Fọ́tò náà ló gba ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi ní Òkè-Ìdàgbà.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà iṣẹ́ fọ́tò ti ń fi ìtàn yìí kọ́ ọmọṣẹ́, tí àwọn àgbà ìlú náà sì gbà á lẹ́nu wọn, tó fi wá di òwe pé: ìran kì í tán lójú ẹni tó ń wo òǹwòran.