Àwẹ̀ní Tí Ó Tẹ̀lé Ìyàwó Lọ

Èyí tí ẹ fẹ́ kà yìí ṣẹlẹ̀ ní ti gidi. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí gbogbo òkúta ojú ọ̀nà gún ẹni tí ó ń sọ ọ́ lẹ́sẹ̀.

Amọ̀kòkò ni Ọ̀ṣúnfúnkẹ́, ní Ìdí-Ọ̀gbún, abúlé tí ó jẹ́ pé bí o bá ju òkúta sókè, orí ìkòkò ni yóò bà lé. Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti Àjàgbé ọkọ rẹ̀ bí. Àwẹ̀ní ni orúkọ rẹ̀, ọmọdébìnrin tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Etí ọmọ náà kò gbọdọ̀ gbọ́ orin. Bí ó bá ti gbọ́ ọ báyìí, ẹsẹ̀ ti lọ nìyẹn, ara yòókù á máa tẹ̀lé e bọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ sá ìkòkò tútù sí oòrùn, ó ní kí Àwẹ̀ní máa lé ewúrẹ́, òun ń lọ wa amọ̀ sí i. Kò pẹ́ tí ó lọ tí àwọn tí ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Orin wọn dùn, osùn ẹsẹ̀ wọn pọ́n. Àwẹ̀ní ní òun yóò kàn bá wọn dé ìdí igi àràbà ni. Wọ́n dé ìdí àràbà, orin kò tíì parí. Wọ́n dé etí odò, wọ́n dá òmíràn tí ó tún dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní òdì kejì, olúkúlùkù rò pé ọmọ ẹlòmíràn nínú wọn ni. Wọ́n bu oúnjẹ fún un, ó sì jẹ ẹ́.

Ewúrẹ́ ní tiwọn kò kọrin. Wọ́n kàn tẹ ìkòkò fọ́ pátápátá ni.

Nígbà tí ìyá dé, ìbínú ni ó kọ́kọ́ bá a. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ìbínú kúrò, ẹ̀rù jókòó sí àyè rẹ̀. Àjàgbé àti àwọn ọdẹ tú inú igbó. Wọ́n fi ọ̀pá gígùn wá inú kòtò amọ̀ tí omi òjò kún, wọn kò rí nǹkan kan; Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ kò mọ̀ bóyá kí òun dúpẹ́ ni tàbí kí òun sunkún. Etí kòtò yẹn ni ó ti bu amọ̀ sọ́wọ́, tí ó gbé e sókè lójú gbogbo ènìyàn, tí ó búra pé bí Àwẹ̀ní bá padà wá láàyè, òun yóò nà án. Àwọn tí ó gbọ́ ọ mi orí. Ní Ìdí-Ọ̀gbún, amọ̀kòkò tí ó bá fi amọ̀ búra tí kò mú un ṣẹ, gbogbo ìkòkò tí ó bá sun ni yóò máa là nínú iná.

Ọjọ́ ọjà ni Àwẹ̀ní dé. Ilé ọkọ ìyàwó ni wọ́n ti wá rí i pé ọmọ yìí kì í ṣe tẹnikẹ́ni nínú àwọn, wọ́n sì fà á lé obìnrin kan tí ń bọ̀ wá ná ọjà lọ́wọ́. Tìróò wà lójú rẹ̀, osùn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì yọ. Ẹni tí wọ́n ń wá kiri sanra ju àwọn tí ń wá a lọ. Ìyá Àjàgbé, arúgbó tí orúnkún ń dùn, bẹ̀rẹ̀ sí jó. Àjàgbé ní èéfín kó sí òun lójú, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ó dáná.

Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ nìkan ni ó wọlé lọ mú pàṣán.

Àwẹ̀ní rí i, ó sá wọ yàrá ìyá bàbá rẹ̀, ó sì di arúgbó náà lẹ́sẹ̀ mú. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ bá mi sọ fún wọn. Bí wọ́n bá fi pàṣán yẹn nà mí, mo ń padà lọ sílé ìyàwó. Wọn kì í na ọmọ níbẹ̀."

Arúgbó wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ dúró sí pẹ̀lú pàṣán. "Ìyàwó mi," ó ní, "ọmọ yìí ti mọ ọ̀nà o. Ti àkọ́kọ́, ó ṣìnà ni. Bí ó bá tún lọ, ìwọ ni o lé e."

Àjàgbé náà dá sí i, ó ní bí ìkòkò bá wá ń là, kí ni wọn yóò jẹ? Bí Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ bá nà án, ọmọ lọ. Bí kò bá nà án, iṣẹ́ lọ. Ó sọ pàṣán sílẹ̀, ó lọ jókòó ti ìkòkò tútù tí ó ń mọ lọ́wọ́.

Òsì ni Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ ń lò. Òsì ni ó fi ń mú igi pẹlẹbẹ tí ó fi ń gbá ìkòkò lẹ́yìn, ọ̀tún ni ó máa ń fi gbè é nínú. Ó ń gbá a, ó ń dá sọ̀rọ̀, omijé sì ń dí i lójú. Ó yọ ọ̀tún jáde láti nu ojú, ó sì gbàgbé láti dá òsì dúró. Ìkòkò wó lulẹ̀ gbọ̀ọ̀.

Ó wò ó títí. Nígbà tí ó yá, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ó dìde pẹ̀lú amọ̀ lọ́wọ́, ó wọ yàrá arúgbó. Kò mú pàṣán. Ó fi ọ̀tún gbá Àwẹ̀ní lẹ́yìn mú, ó fà á mọ́ àyà ṣinṣin, ó wá fi òsì gbá a ní ìdí, pá, pá. Kò fi ṣeré, nítorí ìbúra kì í ṣe eré. Ọmọ náà ké, ṣùgbọ́n àyà ìyá rẹ̀ náà ni ó ti ráyè ké, kò sì wá ọ̀nà àtisá.

Àjàgbé ní, "Ìyá Àwẹ̀ní, ṣé o ń na ọmọ ni, àbí o ń gbé e jó?"

"Bàbá Àwẹ̀ní, ẹ wo ìkòkò tí ó wó síta yẹn. Bí a bá fi òsì na ọmọ, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra."

Ìkòkò tí ó sun lẹ́yìn ìyẹn, ẹyọ kan kò là. Nígbà tí Àwẹ̀ní jáde sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ará abúlé rí ojú ọwọ́ amọ̀ méjì lára aṣọ rẹ̀, ọ̀kan ní ìdí, ọ̀kan ní ẹ̀yìn, wọ́n sì ń bi arúgbó léèrè. Ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ gan-an ni ó ń sọ fún wọn, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Ẹnu wọn ni ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: Bí a bá fi òsì na ọmọ, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra.