Alága Tó Ṣèlérí Omi

Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Òwe yìí ló sọ sí Alága Ìbídùn lọ́kàn lọ́jọ́ tí Olúgbọ́dé, alága ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, wá bá a ní ọ́fíìsì pé kó dìbò fún òun láti di ààrẹ ẹgbẹ́ gbogbo alága ìpínlẹ̀ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá wọlé, kò ní sí sẹkitéríàtì kan tí omi ẹ̀rọ kò ní máa yọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Ìbídùn, àmọ́ ó dùn jù. Nígbà tí àlejò dìde, òun náà dìde láti sìn ín sọ́nà. Ó sìn ín dé ìdí mọ́tò, ó wọnú rẹ̀, ó jókòó tì í.

"Ẹ jẹ́ kí n kúkú sìn yín dé ọ́fíìsì yín."

"Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n mi," ni Olúgbọ́dé ń wí ṣáá títí wọ́n fi dé sẹkitéríàtì rẹ̀. Bó ṣe ń wí i ni ara ń fu Ìbídùn sí i.

Ẹ̀rọ omi wà níwájú ilé lóòótọ́, àmọ́ aláǹtakùn ti takùn sí i lẹ́nu. Àlejò kì í sì í wọlé kí a má bomi fún un, ni Ìbídùn bá ní kí wọ́n bu omi wá.

Akọ̀wé Olúgbọ́dé kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Àwọn tó lọ pọnmi ní ṣọ́ọ̀ṣì kò tíì dé."



"Ìbò yẹn ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?" ni Olúgbọ́dé béèrè jẹ́jẹ́.

Ìbídùn fa àga, ó jókòó.

"Ẹ jẹ́ kómi dé ná."