Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ààbọ̀ Tó Yẹ Kó Di Odindi

Ẹ gbé ìwé ìṣirò yín kúrò lẹ́sẹ̀ mi! Láti ìrọ̀lẹ́ lẹ ti ń pariwo ìdá mẹ́ta, ìdá mẹ́rin, ẹ ò sì rí ẹyọ kan gbà. Ó ti sú mi. Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ò dá lórí ọba, kò dá lórí ìjòyè. Ó dá lórí Ọ̀kẹ́rẹ́, ọmọ tí í sọ pé ó ti yé òun kí tíṣà tó lanu.

Ìgbín ni tíṣà wọn. Ẹ mọ̀ pé onísùúrù ni Ìgbín, àbí? Ọ̀kẹ́rẹ́ lo sùúrù ọ̀hún tán.

"Ìdajì ìdajì—"

"Ó ti yé mi, sà!"

"Kí wá ni ìdajì ìdajì?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń wo òrùlé.

"O ti dá mi lágara! Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Jáde! Lọ ṣọ́ agbọ̀n àgbàdo níta."

Àgbàdo mẹ́rìndínlógún, ọmọ mẹ́rìndínlógún. Àwọn ọmọ náà ló gbìn ín, àwọn ló ro ó, wọn ò sì tíì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀ nítorí rẹ̀. Wọ́n ti sè é, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Tíṣà ló sọ ọ́: tí ààbọ̀ bá dénú, á di odindi. Tí mo bá jẹ ààbọ̀, tí mo fi ààbọ̀ sínú agbọ̀n, ṣé kò ní di odindi ni?"

Ó jẹ mẹ́jọ, wọ̀mùwọ̀mù. Ó fi ọmọrí dé agbọ̀n, ó ń kọrin. Ẹ gbè é, ẹ má wò mí!

Mo jẹ ààbọ̀, ààbọ̀ wà nínú
— Á di odindi!
Ẹnu Tíṣà ni mo ti gbọ́ o
— Á di odindi!

Ó ṣí i. Mẹ́jọ náà ni. "Kò tíì ráyè ni." Ó jẹ mẹ́rin. Ó kọrin!

— Á di odindi!

Ó jẹ méjì. Ó kọrin!

— Á di odindi!

Ó jẹ ọ̀kan sí i.

Agogo dún gbaun, gbaun. Àwọn ọmọ sáré ṣí agbọ̀n: àgbàdo kan ṣoṣo! Àfè, tó kéré jù nínú wọn, bú sẹ́kún.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Ẹ dé e padà, ó ń di odindi lọ́wọ́!"

Ìgbín wọ́ dé, ó mirí. "Ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún ló kù. O ti wá mọ ìdajì ìdajì báyìí, ikùn ọmọ ọlọ́mọ lo sì fi kọ́ ọ."

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n tún se àgbàdo, kálukú gba odindi, àfi Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó na ọwọ́. Àfè ṣẹ́ tirẹ̀ sí méjì, ó fún un ní ààbọ̀.

"Gbà. Tó bá dénú ẹ, á di odindi."

Ó jẹ ẹ́. Kò di odindi. Ikùn rẹ̀ ń kùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ibi tó rẹ àlọ́ mi tó jókòó nìyẹn. Bí mo bá purọ́, kí eyín mi má lè jẹ àgbàdo mọ́. Ó kọ́ wa pé ká gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin: ẹni tó ní ó ti yé òun nígbà tí kò tíì yé e, ebi ni yóò là á yé e.

Ṣé ó yé yín?

— Ó yé wa, Màmá!

Ó dáa. Kí ni ìdajì ìdajì?

Ẹ̀yin ọmọ yìí... ẹ̀ ń wo òrùlé!